Kì Í Ṣe Àbẹ̀kẹ́ Ló Dáná Sun Ilé Wa ní Múṣin

Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Mo ní kí ẹ pa á. Ẹ wá jókòó síwájú mi níbí, gbogbo yín pátá, àti ìwọ tí ò ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín yẹn. Mo gbọ́ ohun tí o ń sọ fún àwọn àbúrò rẹ. O ní láyé ijọ́sí, nínú ilé tí Màmá Àgbà gbé ní Múṣin, obìnrin ará oko kan tí kò mọ epo òyìnbó yàtọ̀ sí bẹntiróòlù ló dáná sunlé lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ẹ sì ń rẹ́rìn-ín. N kò ní ìwọ lo pa irọ́ náà. Irọ́ náà dàgbà jù ọ́ lọ, ó ti bímọ, ó ti ní ọmọ-ọmọ. Ṣùgbọ́n n kò ní í jókòó nínú ilé tèmi kí n máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí mo bí ìyá rẹ̀. Ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí láti ìgbà tí ìyá yín ṣì wà lẹ́yìn mi.

Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ obìnrin náà. Ẹ pe orúkọ yẹn kí n gbọ́. Ẹ̀hẹn.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí ilé náà ṣe rí kí ojúkòkòrò tó wọ inú rẹ̀. Ilé olójúlé púpọ̀ ni, yàrá kọjú sí yàrá, pásééjì gba àárín wọn já láti ojú títì dé ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀kùn kan wà níwájú, ọ̀kan wà lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ṣí méjèèjì sílẹ̀ nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ á máa wọlé níhìn-ín, á máa jáde lọ́hùn-ún, gbogbo kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà wa á máa jó. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí lèmi àti bàbá yín àgbà débẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Káfíńtà ni wọ́n, ẹ mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́bàá títì, kò jìnnà sílé. Ará Ọ̀yọ́ wà nílé náà, ará Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, Mùsùlùmí wà, onígbàgbọ́ wà. Bó bá di Iléyá, gbogbo wa la jọ ń jẹ ẹran àgbò. Bó bá di Kérésìmesì, gbogbo wa la jọ ń jẹ adìẹ.

Ẹ̀yìnkùlé yẹn gan-an ni ilé. Yàrá kàn jẹ́ ibi tí a ń sùn ni. Ibẹ̀ ni ilé ìdáná wà, òpó igi àti páànù lásán, kò ní ògiri, kí èéfín lè rí ọ̀nà bá lọ. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní ààrò tirẹ̀. Bí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ ọ: ọlọ ń lọ ata, odó ń dún, igi ń ta pàrà nínú iná, àwọn adìẹ tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀ ń ké bí ẹni pé wọ́n ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ọyẹ́ á ti mú gbogbo wa, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ á funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ eérú. Ọdún kan wà tí tòlótòló Ìyá Ìjẹ̀bú já okùn, ló bá fò gun orí páànù ilé ìdáná. Bàbá yín àgbà, tí wọ́n ti wọ aṣọ ọdún, ní àwọn á mú un. Wọ́n gùn ún. Páànù já. Ẹsẹ̀ wọn kan yọ sísàlẹ̀, ó ń fì lókè ìkòkò ọbẹ̀ mi. Kí ẹnikẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, a gbọ́ ohùn kan: “Ẹ gbé ìkòkò yẹn kúrò! Ẹ bomi síná ná! Lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín.”

Màmá Ẹ̀yìnkùlé nìyẹn. Orúkọ tí gbogbo ilé ń pè wọ́n nìyẹn. Opó àgbàlagbà kan ni wọ́n, ará Ọ̀yọ́, kò sì sẹ́ni tó fi wọ́n joyè kankan. Wọ́n kàn gbé àpótí ìjókòó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná lọ́jọ́ kan ni, wọ́n sì di ojú tó ń ṣọ́ iná wa. Bó bá di ọjọ́ ọdún, wọ́n á kọ́kọ́ yọjú wo dúrọ́ọ̀mù omi. Bí kò bá kún dénu, kò sẹ́ni tó máa ṣáná. Garawa yanrìn gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Ìyàwó tó bá wọ bùbá alápá gbàǹgbà, wọ́n á ní kó lọ bọ́ ọ, kó lọ so ìró rẹ̀ le. Wọ́n á fi eérú fa ìlà sílẹ̀ yí ilé ìdáná ká, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọjá ìlà, kò ní í rí itan adìẹ jẹ lọ́jọ́ náà. Ẹ wo bí àwọn ọmọ ṣe ń tò sẹ́yìn ìlà yẹn, tí ọ̀fun wọn ń dá tòló! Àwọn ọmọkùnrin tó máa ń gba kábáàdì lọ́wọ́ àwọn wẹ́dà tó ń jó irin, tí wọ́n ń rọ ọ́ sínú agolo mílíìkì kó lè dún bí ìbọn, Màmá kò sọ pé kí wọ́n má ṣeré. Wọ́n ní kí wọ́n lọ yìn ín lórí pápá, níbi tí kò ti sí ohun tó lè gbiná. A máa ń gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn, “gbòà!”, Màmá á sì ní, “Ẹ ṣeun, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn.”

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dín ẹran níbẹ̀, epo mi gbaná nínú agbada. Iná sọ sókè. Mo bu omi, mo fẹ́ dà á sí i. Màmá lù mí lọ́wọ́, igbá fò dànù. Wọ́n fa àpò tútù kan jáde nínú omi, wọ́n fún un, wọ́n fi bo ẹnu agbada. Iná kú pátápátá.

“Iná orí epo kì í gbọ́ ti omi, ìyàwó. Bí o bá da omi sí i, ojú rẹ ló máa fò mọ́. Èémí rẹ̀ ni kí o gbà.”

Lálẹ́, bí gbogbo wa ti ń yó lọ, wọ́n á lọ láti ààrò dé ààrò, wọ́n á máa tẹ ọwọ́ wọn mọ́ eérú. Ibi tó bá ṣì gbóná, wọ́n á wọ́n omi sí i. Ìgbà náà ni wọ́n á tó lọ jẹun tiwọn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí yunifásítì? Gáàsì yín wà lẹ́nu ọ̀nà pásééjì, ibi kan ṣoṣo tí gbogbo ilé ń gbà jáde. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé, kẹ́ẹ̀gì epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀ ń bu epo sí i lórí iná. Ẹ fi irin dí gbogbo fèrèsé nítorí olè, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn irin sì wà nínú báàgì ẹni tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ra báńgà fọ́mọ ọdún mẹ́ta. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ ó ní, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀.” Ọkàn mi kò ní í balẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí mo bá ń bínú, mo ṣì ń rí gbogbo yín.

Ó dáa. Ojúkòkòrò wọlé. Lásìkò yẹn, gbogbo ayé ń rọ́ wá sí Èkó. Wọ́n ní owó epo rọ̀bì ń ṣàn. Ẹni tó ní ihò eku ní Múṣin, ó lè fi háyà. Lánlọ́ọ̀dù wa wo ẹ̀yìnkùlé wa, kò rí ilé ìdáná níbẹ̀ mọ́, yàrá ló ń rí. Ẹ ó máa gbọ́ tí mò ń pè é ní “ó”. Àgbà ni, mo mọ̀. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ló jóná lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Ó wó ilé ìdáná. Ó kọ́ yàrá títí dé ìdí ògiri kọ́ńpáàǹdì kejì, ó sì fi búlọ́ọ̀kù dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Fèrèsé àwọn yàrá tuntun náà kéré, irin ló sì tò sí i lójú. Ó kó Màmá Ẹ̀yìnkùlé fúnra wọn sí ọ̀kan nínú wọn, ó gba yàrá wọn àtijọ́ fún ẹlòmíì. Dúrọ́ọ̀mù omi, ó ní ó ń gba àyè. Ó gbé e tà.

Àwa obìnrin lọ bá a ní pálọ̀ rẹ̀. Màmá ló síwájú.

“Lánlọ́ọ̀dù, níbo la ó ti máa dáná?”

“Nínú pásééjì, Màmá. Ayé ti là. Ẹ ra sítóòfù.”

“Bí iná bá wá sọ ńkọ́? Ibo la ó gbà jáde?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹnu ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé ni.”

Mo ní, “Bàbá, bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an ni iná ti bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?”

“Ìyàwó káfíńtà, ọkọ yín mọ igi í là. Ẹni tí ilé mi kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ kọ́ tirẹ̀.”

Bí a ṣe di ẹni tó ń dáná nínú pásééjì nìyẹn, sítóòfù tò sẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan. Òkè àjà di dúdú. Nítorí pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti dí, ọ̀sán gangan dà bí ìrọ̀lẹ́ nínú pásééjì yẹn. Àlùbọ́sà, epo òyìnbó, ẹja, ìdọ̀tí ọmọ, gbogbo òórùn dà pọ̀, imú kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́. Ọ̀sán Kérésìmesì wá di ohun tí mò ń bẹ̀rù. Èmi tí mo máa ń ka oṣù dè é!

Àsìkò náà ni Láyí gbé Àbẹ̀kẹ́ wọlé. Láyí jẹ́ dẹ̀rẹ́bà tákísì, ọmọlúàbí, yàrá rẹ̀ kò ju ẹ̀gbẹ́ tiwa lọ. Ìtòsí Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àbẹ̀kẹ́ ti wá, ohùn ilé ṣì kún ẹnu rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ Èkó fi ń pè é ní ará oko. Ará oko tó ń rán aṣọ tí àwọn ọmọ Èkó ń wọ̀! Iṣẹ́ télọ̀ ló ń kọ́. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Ìyá yín tó jẹ́ ọmọ ọwọ́ nígbà yẹn, ẹ̀yìn Àbẹ̀kẹ́ ló mọ̀ ju ẹ̀yìn tèmi lọ. Màmá Ẹ̀yìnkùlé sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó máa ń gbọ́ràn. Nínú gbogbo àwa tí a wà nínú ilé yẹn, òun ló máa ń pa sítóòfù kó tó bu epo sí i, tó sì máa ń dúró kó tutù. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Àwọn tó kù, tí wọ́n padà wá sọ pé aláìmọ̀kan ni, lórí iná ni wọ́n ti máa ń bu tiwọn.

Ní Kérésìmesì yẹn, bẹntiróòlù wọ́n níta bí ojú. Láyí to ìlà, ó rí díẹ̀ rà sínú kẹ́ẹ̀gì, ó gbé e wálé. Màmá bínú.

“Láyí, gbé e jáde.”

“Màmá, ibo ni kí n gbé e sí? Bí mo bá fi sínú búùtù, wọ́n á jí i. Òun ni mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ọdún.”

“Bó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀, ìdí ògiri lẹ́yìn lọ́hùn-ún nì ni ǹ bá ní kí o gbé e sí, a ó sì fi páànù bò ó.”

“Mo mọ̀, Màmá. Kò sí ẹ̀yìn mọ́.”

Ó gbé e sínú pásééjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo òyìnbó wọn. Kẹ́ẹ̀gì òróró ni méjèèjì, aláwọ̀ kan náà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó pe ìyàwó rẹ̀, tó fi ọwọ́ hàn án: “Èyí tó wà lápá ògiri, bẹntiróòlù ni, má fọwọ́ kàn án. Èyí tó wà lápá ilẹ̀kùn wa ni tìrẹ.” Àbẹ̀kẹ́ tún un sọ fún un, bí ọmọ ilé ìwé.

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́sàn-án ọjọ́ Kérésìmesì. Iná mànàmáná ti lọ. Lánlọ́ọ̀dù ń ṣe àlejò ní pálọ̀ iwájú. Ó ti fi bébà aláwọ̀ mèremère lọ́ òkè àjà pásééjì pọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìsàlẹ̀, kí àwọn àlejò lè yìn ín. Àwọn alágbàṣe ń kó àpótí ọtí àti mínírà wọlé fún un, wọ́n ń tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri nínú pásééjì, títí kan ẹnu ọ̀nà gan-an. Àwa sì ń dáná láàárín wọn, ẹni tó bá fẹ́ kọjá á fi ẹ̀gbẹ́ rìn.

Àbẹ̀kẹ́ ní, “Ẹ̀gbọ́n, epo ti tán nínú sítóòfù mi, adìẹ yìí kò sì tíì rọ̀.” Ohùn rẹ̀ ń jáde nímú; ọyẹ́ ti fún un ní ọ̀fìnkìn, imú rẹ̀ dí pa.

“Ṣé o ti pa á?”

“Ó ti pẹ́ tí mo ti pa á. Mo ń dúró kó tutù ni.”

Màmá Ẹ̀yìnkùlé pè mí láti yàrá wọn ní ìpẹ̀kun pásééjì pé ọmọ mi ti jí. Ọ̀dọ̀ wọn làwọn ọmọ ilé máa ń wà bí iná bá ti pọ̀ ní pásééjì. Mo wọlé, mo gbé ìyá yín. N kò tíì fi í sẹ́yìn nígbà tí mo gbọ́ “fòò!”, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá gba aṣọ ńlá lórí okùn. Igbe tẹ̀ lé e.

Mo yọjú. Sítóòfù àwọn ará yòókù ṣì ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Àbẹ̀kẹ́, òórùn bẹntiróòlù ti lọ pe iná wá. Iná wà láàárín àwa àti ẹnu ọ̀nà. Àbẹ̀kẹ́ dúró lápá ọ̀hún iná, ìró rẹ̀ ti gbaná, kẹ́ẹ̀gì yẹn sì wà láyà rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti jù ú sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni á jù ú sílẹ̀. Bó bá jù ú sílẹ̀, ẹ kì bá tí sí ní ayé yìí. Ó wo ọ̀dọ̀ wa, ó rí mi pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ó kígbe pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ tilẹ̀kùn!” Ó di kẹ́ẹ̀gì náà mọ́ra, ó kẹ̀yìn sí wa, ó sì sáré. Mo rí i tó kọlu àpótí lánlọ́ọ̀dù. Mo rí i tó ṣubú lé wọn lórí, tó tún dìde, tí kò sì tú kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀.

Bàbá yín àgbà wà níta, àwọn ló rí ìyókù. Wọ́n ní ó sáré la àárín àwọn àlejò kọjá, ó ju kẹ́ẹ̀gì sínú gọ́tà lápá kejì ọ̀nà, iná sì sọ nínú gọ́tà náà ga ju orí ènìyàn lọ. Òun náà wó lulẹ̀ níbẹ̀. Bàbá yín bọ́ agbádá ọdún wọn, wọ́n fi yí i lára, wọ́n ń bu yanrìn lé e.

Nínú ilé, bébà aláwọ̀ mèremère ti gbé iná gba òkè àjà. Màmá ti ilẹ̀kùn. Wọ́n rẹ ìró wọn méjì sínú amù omi wọn, wọ́n fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn. “Ẹ dojú bolẹ̀! Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ dìde! Èéfín òkè ló ń pani.” Wọ́n tutọ́ sókè, wọ́n ń bú lánlọ́ọ̀dù, wọ́n ń gbàdúrà, gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ nínú èémí kan. Mo di irin fèrèsé mú, mo mì ín títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Kò mira. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn irin, ẹ wo àpá náà nìyí.

Ìgbà náà la gbọ́ òòlù. Bàbá yín àgbà àti àwọn ọkùnrin àdúgbò ti gba inú kọ́ńpáàǹdì kejì wọlé, wọ́n ń lu ògiri. Búlọ́ọ̀kù náà wó bí ẹ̀kọ tútù. Lánlọ́ọ̀dù kò fi síméńtì tó sí i. Nínú gbogbo ohun tí ojúkòkòrò rẹ̀ ṣe fún wa, ìyẹn nìkan ló ṣe wá lóore. Wọ́n gba ihò yẹn fa àwọn ọmọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá yín ló kọ́kọ́ jáde. Màmá ló kẹ́yìn, àpótí ìjókòó wọn wà lọ́wọ́ wọn. Òrùlé jó tán. Àwọn ará àdúgbò fi yanrìn pa ìyókù. Kò sí ẹni tó kú nínú ilé náà.

Mo lọ bá Àbẹ̀kẹ́ ní ọsibítù. Ojú rẹ̀ nìkan ni wọn kò fi báńdéèjì dì. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sọ ọ́ lójú oorun.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò bú nínú ilé?”

“Kò bú nínú ilé. Gọ́tà lo jù ú sí.”

“Ọmọ mi ńkọ́?” Ìyá yín ló ń pè bẹ́ẹ̀.

“Ó wà. Ó ti mu ọmú, ó ti sùn.”

“Ẹ bá mi sọ fún Láyí. Èyí tó wà lápá ilẹ̀kùn ni mo gbé. N kò ṣì í gbé. Ti apá ilẹ̀kùn ni mo gbé, Ẹ̀gbọ́n.”

Mo sọ pé màá sọ fún un. Ọdún tuntun kò bá a láyé.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, lẹ́yìn tí a ti etí sàréè dé, gbogbo ènìyàn jókòó sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń sọ ohun tí àwa Yorùbá máa ń sọ. “Àmúwá Ọlọ́run ni.” “Ẹ̀dá ò lè bá kádàrá jà.” Lánlọ́ọ̀dù náà wá. Ó wọ aṣọ funfun. Ó dìde láàárín àwọn ènìyàn, ó ní ó ṣeni láàánú, ṣùgbọ́n kí àwọn ọkọ máa kọ́ ìyàwó wọn dáadáa, torí obìnrin tó bá ti oko dé tí kò mọ epo òyìnbó yàtọ̀ sí bẹntiróòlù, ewu ló jẹ́ fún gbogbo ilé. Ibẹ̀ ni irọ́ yẹn ti gbéra. Láti ẹnu rẹ̀. Láyí tẹ orí sílẹ̀. Àwọn kan sì ń mi orí, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Màmá Ẹ̀yìnkùlé dìde. N kò gbọ́ ohùn wọn bẹ́ẹ̀ rí.

“Ẹ má purọ́ mọ́ Ọlọ́run! Ọlọ́run kọ́ ló wó ilé ìdáná wa. Ọlọ́run kọ́ ló fi búlọ́ọ̀kù dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ta ló gbé dúrọ́ọ̀mù omi tà? Ta ló fi àpótí mínírà dí ẹnu ọ̀nà? Ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ fi Ọlọ́run sílẹ̀.”

Àwọn kan ní kí wọ́n jókòó, pé àgbà kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́yìn àtíbàbà, ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe tó kó ọtí wọlé lọ́jọ́ náà. Ó jáde wá, ó dọ̀bálẹ̀ fún Láyí. Ó ní kẹ́ẹ̀gì méjì wà níbi tí wọ́n ní kí òun to àpótí sí, òun fi ẹsẹ̀ tì wọ́n, òun sì gbé ti apá ògiri sí apá ilẹ̀kùn kí àyè lè wà. Òun kò mọ ohun tó wà nínú wọn. Láyí ké igbe kan. N kò lè ṣàpèjúwe igbe náà fún yín, ẹ má ní kí n ṣe é. Lánlọ́ọ̀dù ti lọ.

Ẹ ò rí i? Ọ̀rọ̀ alágbàṣe yìí ni gbogbo wọn gbọ́. Etí wọn gbọ́ ọ. Síbẹ̀, ní oṣù kejì, irọ́ yẹn náà ni wọ́n ń sọ lẹ́nu ẹ̀rọ omi, torí pé òkú kò lè dáhùn, lánlọ́ọ̀dù sì ń gba owó ilé.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ó kó bíríkìlà wá. Ó ti ṣe òrùlé iwájú; ó wá fẹ́ tún yàrá ẹ̀yìn kọ́, bó ṣe kọ́ ọ tẹ́lẹ̀, títí dé ìdí ògiri. Ẹ gbọ́: bó ṣe kọ́ ọ tẹ́lẹ̀! A jí lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, Màmá Ẹ̀yìnkùlé ti gbé àpótí ìjókòó wọn sí àárín ilẹ̀ náà. Wọ́n to òkúta mẹ́ta, wọ́n dáná, wọ́n gbé ìkòkò ẹ̀wà lé e. Garawa yanrìn wà lápá ọ̀tún wọn, garawa omi wà lápá òsì.

Ọ̀gá bíríkìlà, ọmọ Ìlọrin kan, kúnlẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ìpìlẹ̀ la fẹ́ gbẹ́.”

“Ẹ gbẹ́ ẹ. Ẹ gba abẹ́ mi kọjá.”

Mo gbé ìkòkò tèmi wá. Ìyá Ìjẹ̀bú gbé tirẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni gbogbo obìnrin ilé náà jáde, títí kan àwọn tó ní àmúwá Ọlọ́run ni. A jókòó. Lánlọ́ọ̀dù dé, ó pariwo títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀, ó ní òun á pe ọlọ́pàá. Màmá ní kó pè wọ́n, kí àwọn lè bi wọ́n léèrè irú ilé tó ń di ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀gá bíríkìlà kó ọkọ́ rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, n kò lè gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ ìyá mi,” ó sì kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìjà náà pẹ́, kò parí lọ́jọ́ náà. Kó tó di Kérésìmesì, ó ti rẹ lánlọ́ọ̀dù. Ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Bàbá yín àgbà ṣe òpó, wọ́n kan páànù lé e, wọ́n sì ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tuntun, tí a kò fi kọ́kọ́rọ́ sí rárá.

Lọ́jọ́ Kérésìmesì yẹn, a ń dáná níta lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn àlejò lánlọ́ọ̀dù jẹun tán, ó kó wọn wá sẹ́yìn láti wá wo ilé. Ó na ọwọ́ sí ilé ìdáná wa, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ rí i? Mo ní àyè láti kọ́ yàrá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní rárá, ẹ jẹ́ kí àwọn ìyàwó ilé ní ibi tí wọ́n á ti máa dáná. Èmi ni mo fún wọn.”

Ọlọ tó ń lọ dúró. Odó dúró. Màmá Ẹ̀yìnkùlé kò tilẹ̀ dìde lórí àpótí wọn.

“Irọ́ ni. Àbẹ̀kẹ́ ló fún wa.”

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà, obìnrin kan tó fi gèlè ńlá wérí, wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Ta ni Àbẹ̀kẹ́?”

Màmá fi ẹnu ṣúnṣùn tọ́ka sí lánlọ́ọ̀dù.

“Ẹ bi í.”

Gbogbo wa yíjú sí i, a ń retí ìdáhùn. Ó fi ẹsẹ̀ ra yanrìn díẹ̀. Ó kó àwọn àlejò rẹ̀ padà sínú ilé, obìnrin onígèlè yẹn sì ń bi í léèrè bí wọ́n ti ń lọ nínú pásééjì, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè: “Ta ni? Mo ní ta ni Àbẹ̀kẹ́?”